Fàyàwọ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti erékùṣù kékeré kan

Ìtàn tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á. Kó tó parí, yóò ti dé ẹnu géètì wa.

Àwa mẹ́rin la jọ kọ ọ́. Méjì nínú wa ń ka ìmọ̀ ìtàn, ọ̀kan ń ka ìmọ̀ òfin, ìkẹrin ń ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Olùkọ́ wa kan ló ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìlú kékeré kan tó wà lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì, kí a wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Isle of Man ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Inú wa ò fi bẹ́ẹ̀ dùn, torí pé yàtọ̀ sí eré-ìje alùpùpù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún, a ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àárín òkun tó wà láàrin Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni erékùṣù náà wà. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 572 kìlómítà níbùú lóròó. Ìpínlẹ̀ Èkó, tó kéré jù ní Nàìjíríà, fi ìlọ́po mẹ́fà jù ú lọ. Síbẹ̀ ó ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀, Tynwald, tó ti wà láti ayé àtijọ́. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 5 oṣù keje, ìgbìmọ̀ náà máa ń jókòó sí gbangba lórí òkìtì kan ní St John's, wọ́n á sì ka àwọn òfin tuntun sétí aráyé ní èdè Manx àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tí nǹkan ń dùn lè rìn dé ìdí òkìtì náà, kó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní.

Àmì ìlú wọn ni ẹsẹ̀ mẹ́ta tó so pọ̀ mọ́ra, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ni pé ibikíbi tí o bá jù ú sí, yóò dúró. Nígbà tí a rí i, ẹnu kan náà ni gbogbo wa fi sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Báyìí ni fàyàwọ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1405, Ọba Henry Kẹrin fi erékùṣù yìí ta John Stanley lọ́rẹ, ìdílé Stanley sì ń jẹ olúwa ibẹ̀ láti ìran dé ìran. Ní 1736 ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Dúúkù ti Atholl. Olúwa erékùṣù ló ń gba owó ibodè, owó náà kò sì pọ̀ rárá tí a bá fi wé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, tíì, tábà, ọtí bíràǹdì àti rọ́ọ̀mù ń wọlé sí èbúté Douglas ní ọ̀sán gangan. Oníṣòwò á san owó ibodè rẹ̀, á gba ìwé rẹ̀, á sì kó ọjà sí àká. Tó bá wá di òru, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké á gbé ẹrù náà lọ sí etíkun Scotland, Ireland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsan kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: ní Douglas, kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni rú. Wọ́n san owó tí olúwa ibẹ̀ ní kí wọ́n san. Etíkun tí ẹrù náà ń gúnlẹ̀ sí ni orúkọ rẹ̀ ti ń yí padà di fàyàwọ́.

Èyí kò ṣàjèjì sí ọ̀kan nínú wa tó dàgbà sí agbègbè Ìpókíá. Ó ní ìrẹsì tó wọ èbúté Kutọnu, tí ìjọba Benin ti gba owó orí rẹ̀, ọjà gidi ni títí yóò fi kọjá igbó kan. Ní oṣù kẹjọ 2019, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ibodè pa, títí di oṣù kejìlá 2020, ó rí i bí ọjà ṣe kú fún àwọn tó ń fi fàyàwọ́ jẹun, ó sì kú bákan náà fún ìyá tó ń ta gààrí àti aláta tí kò gbé àpò ìrẹsì kan rí. Ohun tó sọ fún wa ni pé, tí ìjọba bá fẹ́ mú onífàyàwọ́, gbogbo ìlú ló ń mú.

Ohun kan tún wà tí kò jẹ́ ká lè ka ìtàn yìí bíi ti àjèjì. Lára ẹrù tó wà nínú àwọn àká Douglas ni ọjà tí wọ́n ń kó wá sí etíkun tiwa: aṣọ láti Íńdíà, ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀tù ìbọn, ọtí. Àwọn ọkọ̀ ẹrú láti Liverpool máa ń yà kó o níbẹ̀, kí wọ́n má bàa san owó ibodè ti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó forí lé Áfíríkà. Ní 1765 gan-an ni wọ́n bí Hugh Crow ní ìlú Ramsey ní erékùṣù náà. Nígbà tó dàgbà, ó di ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú tó ń ná èbúté Bonny. Òun ló wa Kitty's Amelia, tó kúrò ní Liverpool ní oṣù keje 1807, ọkọ̀ ẹrú ìkẹyìn tó gbéra níbẹ̀ lábẹ́ òfin. Tí a bá ń káàánú àwọn oníṣòwò Douglas, ká máa rántí èyí náà.

Ìjọba Lọndọnu ò lè gbà kí owó máa jò lọ bẹ́ẹ̀. Láti 1726 ni wọ́n ti ṣe òfin tó fún wọn láyè láti ra erékùṣù náà lọ́wọ́ olúwa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ tà. Ní 1765 wọ́n fi dandan lé e. Wọ́n san £70,000 fún Dúúkù kẹta àti ìyàwó rẹ̀ Charlotte, pẹ̀lú £2,000 lọ́dún títí ọjọ́ ikú wọn, ẹ̀tọ́ olúwa ibẹ̀ àti owó ibodè sì di ti adé. Òfin kejì tún fún àwọn aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti yẹ ọkọ̀ wò nínú omi erékùṣù náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, ní Castle Rushen, wọ́n rẹ àsíá Dúúkù sílẹ̀, wọ́n sì ta ti ọba sókè.

Àwọn ará ibẹ̀ ò dákẹ́. Ilé ìgbìmọ̀ wọn tó ń jẹ́ House of Keys, ọmọ ìgbìmọ̀ 24, rán ènìyàn lọ sí Lọndọnu láti bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wọn ni pé ìlú tó ní òfin tirẹ̀ ni àwọn, pé kò yẹ kí ẹni méjì jókòó ṣòwò orí àwọn láìbi àwọn léèrè. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Èkó, ẹ ó rántí Ọba Dòsùnmú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, tó fọwọ́ sí ìwé nígbà tí ọkọ̀ ogun wà níwájú ìlú, tí wọ́n sì fi owó ẹyọ 1,200 àpò lọ́dún dípò owó ibodè tó ń gbà tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ibí yìí ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa, ó sì gba alẹ́ méjì. Olórí Keys nígbà náà ni George Moore, Moore yìí kan náà sì wà lára àwọn oníṣòwò tó lówó jù ní erékùṣù náà, òwò tí Lọndọnu fẹ́ pa gan-an ló ń ṣe. Ẹni tó ń ka ìmọ̀ òfin nínú wa ní èyí kò ba ẹ̀bẹ̀ náà jẹ́, torí ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́ ń jẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́. Ẹni tó ń ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé dáhùn pé, “Tí àpò ẹni bá wà nínú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àpò náà.”

Àwa tó ń ka ìtàn wá wo ẹni tí wọ́n ń pè ní Keys. Ará ìlú kò dìbò yàn wọ́n. Tí ọ̀kan bá kú, àwọn tó kù ló ń mú orúkọ méjì lọ bá gómìnà, gómìnà á sì mú ọ̀kan. Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìjọba ara-ẹni kò jẹ́ kí àgbẹ̀ àti apẹja ní ọ̀rọ̀ kankan sọ nínú ìjọba náà.

Àwọn Dúúkù pàápàá di oníwèé ẹ̀bẹ̀. Dúúkù kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Lọndọnu pé owó tí wọ́n fún ìdílé òun kéré jù. Ìjọba rán àwọn olùwádìí lọ sí erékùṣù náà ní 1791, wọ́n fi Dúúkù náà jẹ gómìnà ní 1793, wọ́n fi owó kún owó rẹ̀ ní 1805, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Keys tako ó. Nígbà tó fi máa di 1828, tó ta gbogbo ẹ̀tọ́ tó kù, £417,144 ló gbà. Kò sí ìwé ẹ̀bẹ̀ ará ìlú tó rí irú èsì bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, owó ibodè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó, Lọndọnu ló ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni irú ìwé ẹ̀bẹ̀ mìíràn dé. Láti ọdún 1830 sókè, Robert Fargher, tó ń gbé ìwé ìròyìn Mona's Herald jáde, àti àwọn tó ń bá a ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ará ìlú máa dìbò yan Keys. Wọ́n fi Fargher sẹ́wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1864, James Brown, ọmọ ìran Áfíríkà tó wá láti Liverpool tó dá Isle of Man Times sílẹ̀, bu ẹnu àtẹ́ lu Keys nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Keys jókòó, wọ́n dá ẹjọ́ ara wọn, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọndọnu ní wọn kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Brown jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì gba owó ìtanràn tó lé ní £500. Ní 1866, Gómìnà Loch bá Lọndọnu dúnàádúrà: wọ́n á jẹ́ kí erékùṣù náà máa ná owó ibodè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó, ṣùgbọ́n Keys gbọ́dọ̀ di èyí tí wọ́n ń dìbò yàn. Ìdìbò àkọ́kọ́ wáyé ní 1867. Ní 1881, àwọn opó àti obìnrin tí kò ní ọkọ, tí wọ́n ní ilẹ̀ tàbí ilé, gba ẹ̀tọ́ láti dìbò, nígbà tí obìnrin kankan ò tíì lè dìbò yan aṣòfin ní Lọndọnu.

Ó yẹ kí iṣẹ́ kíláàsì náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí a fi í sílẹ̀ ni wọ́n gbé ìwé kan wá fún wa pé ká fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé-ìwé mọ̀ ọ́n. Ó ti tó sáà méjì tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Láti ìgbà náà, oúnjẹ, omi, sítóòfù kékeré, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó gba ìwé àṣẹ, ní iye tó bá wù wọ́n. Ohun tó tẹ̀lé e kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Búrẹ́dì ń gba orí ògiri kọjá lóru, núdù ń wọ ilé ibùgbé nínú àpò ìwé, a sì mọ ilẹ̀kùn tí a máa kàn tí ebi bá pa wá lágogo mọ́kànlá òru.

Ìwé náà sọ pé ẹ̀tọ́ wa ni láti máa ṣe ìjọba ara wa. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á tán, nínú ohun mẹ́sàn-án tó béèrè, méje dá lórí géètì àti ọjà. Kò béèrè ọjọ́ ìdìbò. Kò béèrè ìṣirò owó ẹgbẹ́ tí a ti san, èyí tí àwọn olórí wa àná kò tíì fi hàn ẹnikẹ́ni. Mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún tó kọ ọ́ ló sì ń tajà nínú yàrá wọn. A ò bú wọn. Àwa náà ti jẹ núdù wọn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n George Moore la ń rí.

A lọ bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn, bọ̀dá kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn, bínú díẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ pé àwa gan-an ò ṣe ìṣirò?” A ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, torí pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn nìyẹn. Àwọn tó jìyà lórí ọ̀rọ̀ Keys kò kàn bẹ Lọndọnu, ilé tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbá.

Ní ìparí, wọ́n gbà pé ká tún un kọ. Ohun mẹ́rin péré ló kù nínú rẹ̀ báyìí: ọjọ́ ìdìbò, ìṣirò owó ẹgbẹ́ láti ọwọ́ àwọn olórí àná, ìṣirò owó tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń san fún ilé-ìwé, àti kí a yọ oúnjẹ àti omi kúrò nínú ohun tí wọ́n fòfin dè ní géètì. Bọ̀dá yẹn ló fọwọ́ sí i ṣáájú gbogbo wa.

Mẹ́ta nínú àwa mẹ́rin ti fọwọ́ sí i. Ìkẹrin kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ló fi ń kàwé, wọ́n sì pe àwọn kan tó fọwọ́ sí ti èṣí wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Òun ló kọ apá tó pọ̀ jù nínú ìwé tuntun náà, a ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ tí kò sí níbẹ̀ bú u.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde, tí ẹ bá kọ irú ìwé yìí nígbà tiyín, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ńlé, ìwé náà wà lọ́wọ́ aṣojú kíláàsì kọ̀ọ̀kan títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.