Ohun Tó Wà Lábẹ́ Pátákó

Ní ọdún tó kọjá, ẹni tó bá ń ti ẹ̀búté Ìpakodò bọ̀, tó sì yà sí àdúgbò wa, yóò rí bọ́ọ̀sì Volkswagen kan lábẹ́ igi máńgòrò wa. Apá kan rẹ̀ ṣì pọ́n bíi ti danfo àtijọ́, apá kejì ti di funfun. Kò ní táyà, búlọ́ọ̀kù ló gbé e dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí pé, "Ìgbà wo ni bàbá yín máa tún ọkọ̀ yìí ṣe tán?" Mi ò ní èsì fún wọn.

Bàbá àgbà, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, ló ni ọkọ̀ náà. Ó fi ná Ìkòròdú sí Kẹ́tu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú bọ́ọ̀sì yìí ní 1950. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń mú un tutù, kì í lo omi. Bàbá àgbà a máa fi yangàn pé òun kì í gbé kẹ́ẹ̀gì omi kiri bí àwọn dẹ́rẹ́bà yòókù. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó níbí. Bàbá àgbà ní nígbà náà, páàtì kì í wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi fẹ́ tún un ṣe, ó lè lọ sí ọjà Ládípọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí ẹyọ kan.

Káfíńtà ni bàbá mi. Lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú, ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n gé ọkọ̀ náà tà fún àwọn onírin. Ó ti rí àwòrán irú rẹ̀ tí àwọn òyìnbó sọ di ilé, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n sì ń dáná nínú rẹ̀ lójú ìrìnàjò. Ó ní a ó fi tiwa lọ wo Òkè Ìdànrè. Ó fi igi afàrà kan bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀, ó tẹ́ pátákó tuntun sílẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Ọdún márùn-ún la fi ṣe é, bí owó bá ṣe ń wọlé.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ yunifásítì, owó WAEC tèmi náà sì délẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ní, "A máa ta bọ́ọ̀sì yẹn." Kò sí ẹni tó fọhùn.

Ó ní kí n kọ ohun tí a ti ṣe àti ohun tó kù sínú ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Mo kọ ọ́: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bíréékì kò tíì sí, waya iná kò tíì pé. Nígbà tí mo dé orí ilẹ̀ ọkọ̀, bàbá mi ní, "Kọ ọ́ pé pátákó tuntun ni." Mo kọ ọ́. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lábẹ́ pátákó náà níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ń wà. Ìpáàrà ti jẹ irin ibẹ̀ débi pé ọwọ́ mi lè wọ ihò rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ rà á wá láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú mẹkáníìkì rẹ̀. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n yẹ ara ọkọ̀ wò, wọ́n sì ná an sí ₦700,000. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ kan pátákó náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ iṣẹ́ o." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Àyà mi ń já. Mo ronú owó WAEC mi. Mo sì ronú ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀, tí yóò tẹ bíréékì.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n mú súkúrú-díráfà wá, kí wọ́n lè rí abẹ́ rẹ̀?"

Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà lójú ọjà. Bàbá mi wò mí títí, lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ mú un wá." Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Mẹkáníìkì náà mi orí. Nígbẹ̀yìn, ₦520,000 ni wọ́n san. Ọkùnrin náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàbá mi sì yọ ọ́.

Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó náà kò tó, màmá mi ní láti gba àjọ rẹ̀ ṣáájú àkókò. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tí kò ní ṣeé tún ṣe. Àfi ìgbà tí bàbá mi pè mí síta, tó nawọ́ sí ojú ibi tí bọ́ọ̀sì náà wà, ó ní, "Bàbá àgbà rẹ kì í gbé èrò nínú ọkọ̀ tí kò dá a lójú. Mo ti gbàgbé."

Mo ti sanwó WAEC mi. Bẹ́ẹ̀dì afàrà yẹn ti wà ní yàrá wa, orí rẹ̀ ni mo ti ń kàwé. A kò dé Òkè Ìdànrè. Mo ti wá mọ̀ pé kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn ta ohun tí kò parí, bí ó bá ti lè ṣí i hàn fún ẹni tó ń rà á.