Sítéè Tó Ń Gbé Àmì Ohùn Dúró

Ẹ wo àyà pólò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá ń wọ̀ káàkiri ọgbà. Orúkọ Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí èyí tó ní àmì ohùn. Tí ẹ bá bi àwọn oní-mónógíráàmù, wọ́n á ní àmì wínníwínní yẹn ń yọ ẹ̀rọ lẹ́nu, pé ó máa ń ṣí kúrò nípò tàbí kó rì sínú aṣọ. Òótọ́ ni, ó máa ń ṣí. Ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ aṣọ ló sì máa ń fà á.

Mo kọ́ iṣẹ́ mónógíráàmù oníkọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022, èyí tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko lọ́wọ́ wa. (Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì, àwọn kan ń ta dátà.) Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ohun tó bá ń lọ sábẹ́ aṣọ: sítéè. Èyí tó le bíi páálí, sítéè ni. Èyí tó rí bíi pépà, sítéè ni. Èyí tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, sítéè náà ni. Ẹni tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ á mọ èyí tí wọ́n ń sọ, bí àwa náà ṣe ń mọ ìtumọ̀ “oko” àti “ọkọ” nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó kàn dé ọjà tó ní òun fẹ́ ra sítéè, èyíkéyìí ni wọ́n lè gé fún un.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yìí lè gún aṣọ ju ìgbà 600 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, bó sì ṣe ń gún un ni òwú ń fa aṣọ mọ́ra. Sítéè ló ń gba ìfà yẹn dípò aṣọ. Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ sí. Tí kò bá fà, bí ànkárá, gíní tàbí aṣọ òkè, sítéè tí a ń fọwọ́ ya dànù lẹ́yìn iṣẹ́ ti tó. Aṣọ òkè pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró fúnra rẹ̀.

Pólò ni wàhálà. Híhun ni wọ́n hun ún, kì í ṣe wíwun bíi ti ànkárá. Ó ń fà, á sì máa fà títí ayé rẹ̀. “Aṣọ tó bá ń fà, sítéè rẹ̀ kò gbọdọ̀ ya.” Àǹtí sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Sítéè pólò ni èyí tí a ń fi àlùmọ́gàjí gé: a ó gé etí rẹ̀ kúrò yí iṣẹ́ ká, èyí tó kù á wà lẹ́yìn orúkọ náà títí aṣọ á fi gbó. Ó wọ́n ju onípépà lọ, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi onípépà ṣe é.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Abẹ́rẹ́ á gún etí lẹ́tà yí ká, sítéè onípépà á lu bí ibi tí wọ́n ti ń fa tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ya. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fi máa kan àmì orí lẹ́tà, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n sábà máa ń fi sẹ́yìn, sítéè ti já, aṣọ ti sún. Àmì á wá bọ́ sí àárín lẹ́tà méjì. Ẹni tó bá rí i á dá ẹ̀bi fún àkọtọ́ Yorùbá.

Níbi ìpàdé wa lórí pólò ọdún yìí, àwọn kan ní kí a yọ àmì kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mà ni! Ẹnìkan wà nínú kíláàsì wa tó ń jẹ́ Òjó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé fáwẹ̀lì tí kò lámì, ohùn àárín ló ní. Tí a bá rán OJO sí i láyà, tí a sì kà á bí wọ́n ṣe kọ́ wa, a ti pè é ní ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti mọ́ òun lára láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n gbà. Mo ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mi, pólò 31, iye kan náà tí wọ́n fẹ́ san níta.

Mo ra sítéè àlùmọ́gàjí, mo sì ra rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yọ́ sínú omi. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ sára tówẹ̀lì ló sábà máa ń lò ó, ṣùgbọ́n ojú pólò náà ní kòtò kéékèèké, àmì abẹ́ ẹ àti ọ sì lè rì síbẹ̀. Orí aṣọ ni a ń tẹ́ ẹ sí. Tí a bá ti rán an tán, omi á kó o lọ. Abẹ́rẹ́ olórí roboto, nọ́ńbà 75/11, ni mo lò, nítorí ó ń yà sí àárín òwú dípò kó gé e. Mi ò na pólò nínú férémù. Tí ẹ bá nà án, á padà sípò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tú u, aṣọ á sì hunjọ yí orúkọ ká.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo rán Òjó sára ògbólógbòó pólò kan, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì sá a. Àmì ìsàlẹ̀ wà lórí o àkọ́kọ́, àmì òkè wà lórí èkejì. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ní ṣé òun lè mú ògbólógbòó náà, kí òun ṣì máa wọ̀ ọ́ títí tuntun á fi jáde.