Ìnira Tí Ó Ń Ṣáájú Ìtura

Nínú gbogbo oògùn tí ọmọ aráyé ń lò, èmi kò mọ èyí tí ó ń dán sùúrù aláìsàn wò tó oògùn ìsoríkọ́, nítorí pé láti ọjọ́ tí a bá ti kọ́kọ́ gbé e mì ni ìnira rẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtura rẹ̀ kì í sábà fojú hàn títí ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin, tàbí mẹ́fà pàápàá yóò fi kọjá. Ẹni tí a sì ń bẹ̀ pé kí ó ṣe sùúrù yìí, ẹni tí àìsàn ti gba sùúrù lọ́wọ́ rẹ̀ ni: ẹni tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀, tí oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́, tí ó ń jí ní kùtùkùtù tí ó ń wo àjà ilé, tí kò sì rí ìdí kan tí ó fi yẹ kí òun dìde. Mo ti wà ní ipò yẹn rí, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá tún bọ́ síbẹ̀ mọ ohun tí yóò bá pàdé.

Sertraline ni oògùn tí dókítà kọ fún mi. Mílígíráàmù 25 lóòjọ́ ni ó ní kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí a tó gbé e sí 50, kí ara lè bá a mọra díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le koko. Síbẹ̀síbẹ̀, inú mi dàrú. Èébì ń gbé mi, ìgbẹ́ gbuuru ń yọ mí lẹ́nu, orí ń fọ́ mi, òógùn sì ń bò mí lóru nígbà tí ọyẹ́ ń mú gbogbo ará ilé. Èyí tí ó burú jù ni ìjayà kan tí kò ní ìdí, tí kì í jẹ́ kí n lè jókòó sójú kan, tí mo fi ń rìn láti yàrá dé ọ̀ọ̀dẹ̀, láti ọ̀ọ̀dẹ̀ dé yàrá, títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Nígbà tí mo bi dókítà ohun tí oògùn orí ń wá nínú ikùn, ó ṣàlàyé pé èròjà tí oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní serotonin, kò pọ̀ nínú ọpọlọ tó bí ó ti pọ̀ nínú ìfun. Nítorí náà ni inú fi sábà máa ń kọ́kọ́ ké. Ó ní kí n máa jẹun kí n tó lò ó, ìbáà ṣe ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀, kí n sì máa lò ó ní òwúrọ̀, nítorí pé ó ń gba oorun lójú mi. Ti amitriptyline, oògùn àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń kọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, yàtọ̀ sí èyí: òun a máa kun ènìyàn lóorun, a máa gbẹ ẹnu, a máa mú kí ìgbẹ́ le, òòyì sì lè kọ́ni bí a bá dìde lójijì. Alẹ́ ni a ń lo ìyẹn, àgbàlagbà tí ó bá sì ń lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sí etí ibùsùn ná kí ó tó nàró. Púpọ̀ nínú ìnira wọ̀nyí ni ó máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Àwa tí a ti gbọ́njú kí ọdún 2005 tó dé, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kò tíì fi oògùn mìíràn rọ́pò chloroquine fún ibà, a mọ bí ara ṣe ń yúnni bí a bá lo chloroquine yẹn. Àtẹ́lẹwọ́ a yúnni, àtẹ́lẹsẹ̀ a yúnni, agbárí a yúnni. Omi tútù kò ràn án. Síbẹ̀, èmi kò rántí ẹnikẹ́ni tí ó pariwo pé oògùn ibà fẹ́ pa òun. Ìyá ti sọ fún ọmọ kí ó tó gbé e mì, ara ti yún ẹ̀gbọ́n rí, ara ti yún aládùúgbò rí, wọn a sì ra Piriton, oògùn ara yíyún, mọ́ ọn láti ilé oògùn. Ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní í ń ṣe. Ṣùgbọ́n oògùn ìsoríkọ́, ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni a ń fi í pamọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé lágbájá ti di ará Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí àyà bá wá ń já ènìyàn lóru, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe òun, ó sì lọ. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ìfipamọ́ yìí ni ó ń sọ ìnira ọ̀sẹ̀ méjì di ìbẹ̀rù ikú.

Àrò tí a fi ń bú ènìyàn yìí ni ó yẹ kí a ti kọ́gbọ́n. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, tí a bí ní Abẹ́òkúta lábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, kò sì ti àwọn aláìsàn mọ́ ẹ̀yìn ògiri. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ó sì ní kí olúkúlùkù mú ìbátan kan dání, ó kéré tán, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Ní 1957 ni Roland Kuhn, dókítà ará Switzerland, ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé imipramine ń wo ìsoríkọ́. Ẹni tí yóò jókòó ti aláìsàn ti wà ní Àrò kí hóró oògùn náà tó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó jókòó ti èmi. Kò wàásù fún mi, kò sì sọ pé kí n tújú ká. Ní alaalẹ́ ni yóò bi mí pé, "Àbúrò mi, kí ni ó ṣe ọ́ lónìí?" yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ kan. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Èmi ń búra pé nǹkan kan kò yí padà, ìwé náà sì ń fi hàn pé èébì ti dáwọ́ dúró, pé mo ti sùn di ìdájí. Ìwé yẹn ni a mú tọ dókítà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò wọ inú ìwé ẹ̀gbọ́n mi, tí ó jẹ́ ti ọkọ àti aya. Oògùn yìí lè pa ìfẹ́ àtisùn ti aya ẹni, èyí kì í sì í sábà lọ fúnra rẹ̀ bí èébì ti ń lọ. Ọkùnrin mìíràn a torí rẹ̀ da oògùn nù ní bòńkẹ́lẹ́, ìyàwó rẹ̀ a sì máa rò pé ó ti rí òmíràn níta. Mo sọ fún aya mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi, mo ti ń rò ó sí nǹkan mìíràn." Mo sọ fún dókítà pẹ̀lú, kò sì yà á lẹ́nu: a lè dín oògùn kù, a sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a dá a dúró lójijì, nítorí pé òòyì, ìbínú, àti ohun kan tí ó ń ta yẹ̀rì nínú orí bí iná mànàmáná lè tẹ̀ lé e. Ẹ má sì ṣe lo tramadol, oògùn ìrora, mọ́ ọn láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, nítorí pé àwọn méjèèjì lè jọ gbé serotonin sókè títí ara yóò fi máa gbóná, tí yóò máa gbọ̀n, tí ọkàn yóò sì dàrú.

Ẹ̀yin tí ọ̀dọ́ ń bẹ nílé yín ni mo fẹ́ bá sọ èyí tí ó kù. Ní 2004 ni àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a kọ ìkìlọ̀ sára oògùn wọ̀nyí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, èrò àtipa ara ẹni lè pọ̀ sí i lọ́kàn àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́; ní 2007, wọ́n nà án dé ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 24. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a fi oògùn dù wọ́n. Kí a máa ṣọ́ wọn ni. Bí ara ọmọ kò bá balẹ̀ rárá, tí ó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń dágbére, ẹ bi í tààrà bí ikú bá ń wá sí i lọ́kàn. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni nínú. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó apakòkòrò àti oògùn inú ilé kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún un.