Ọ̀rọ̀ Kan Láti Inú Látìn

Àwa tí a kọ́ Látìn lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ìjímìjí kò lè gbàgbé bí a ti ń ké e lóhùn kan pé: fero, ferre, tuli, latum. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "gbé" tàbí "rù". Nígbà tí àwọn ará Róòmù fi trans, èyí tí í ṣe "sí òdì kejì", ṣáájú rẹ̀, ó di kí a gbé nǹkan láti ìhín dé ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí ni Gẹ̀ẹ́sì sọ di méjì. Láti ara ferre ni transfer ti wá, èyí tí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń kó ẹrù láti ìlú dé ìlú. Láti ara latum ni translate ti wá. Bí a bá ṣí bíṣọ́ọ̀bù nípò kúrò ní dáyósíìsì kan lọ sí òmíràn, translate ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, òun náà ni wọ́n lò fún Énọ́kù, ẹni tí a mú lọ láìtọ́ ikú wò. Yorùbá kò jìnnà síbẹ̀: bí àgbà bá kú, a ní ó papò dà.

Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n gbé e dé Sàró. Ọmọ tí a gbé gba orí òkun yìí ni òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ padà gbé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wọ inú èdè ìyá rẹ̀, tí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884.

Àwa náà wà láàárín odò lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ọmọ ní London tàbí Houston tí kò gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń sọ lórí fóònù, àfi bí a bá ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí ògbufọ̀ kò bá sí mọ́, ta ni yóò ki ọmọ náà ní oríkì rẹ̀?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ jẹ́ kí a máa sọ Yorùbá sí wọn létí nígbà tí ohùn wa ṣì ń jáde: orúkọ, oríkì, àdúrà òwúrọ̀. Ẹni tí ó ru ẹrù dé àárín odò kì í jù ú sílẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní agbára láti gbé e gúnlẹ̀. Àmín.