Davie Cooper àti Clydebank

Hamilton ní Skọ́tlándì ni wọ́n bí Davie Cooper sí ní 1956. Ọdún 1974 ló wọ Clydebank, ẹgbẹ́ kékeré nínú líìgì ìsàlẹ̀, níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kó ìdààmú bá àwọn adẹ́yìnmú. Láàárín ọdún mẹ́ta, Rangers ra ẹlẹ́sẹ̀ ayò yìí ní £100,000. Pẹ́náítì tó gbá wọlé Wales ní Cardiff, 1985, ni kò jẹ́ kí ìrètí Skọ́tlándì fún Ife Àgbáyé já. Ó gba ife Skọ́tlándì pẹ̀lú Motherwell ní 1991. Ní 1993 ó padà sí Clydebank, ìpinnu tó yẹni gidigidi. Agbábọ́ọ̀lù wọn ló ṣì jẹ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ rẹ̀ ní March 1995, tó sì kú lẹ́ni ọdún 39.