Koríko Tí Wọ́n Dá Lẹ́bi Nínú Igbó Amẹ́ríkà

Nínú igbó Wisconsin àti Michigan, lẹ́bàá àwọn Adágún Ńlá Amẹ́ríkà, koríko kan wà tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Carex pensylvanica. Ìbátan lábẹ́lábẹ́ àti òfíò ni. Ẹni tó bá fi ìka méjì yí ọ̀pá òdòdó rẹ̀ yóò mọ etí mẹ́ta lára rẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ, ìdí rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kí ewé igi tó ṣíji bò ó ní ìgbà ìrúwé ló ti ń yọ òdòdó, akọ lókè, abo nísàlẹ̀, atẹ́gùn sì ni alárinà wọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri igbó, kò jẹ́ kí ọmọ igi maple rí àyè hù. Èmi kò gbà pé òun ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó gbilẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún 1960, wọ́n ti pa ìkookò tán ní Wisconsin. Àgbọ̀nrín tí ìkookò ń pa jẹ tẹ́lẹ̀ wá di púpọ̀, wọ́n ń jẹ òdòdó igbó àti ọ̀mùnú igi, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ koríko yìí, bí wọ́n bá sì já a jẹ, ìdí rẹ̀ ló ti ń rú padà. Ekòló wá dá kún un. Ilẹ̀ tí yìnyín ayé àtijọ́ bò níbẹ̀ kò ní ekòló tirẹ̀. Láti Yúróòpù ni èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ti wá, àwọn apẹja tó ń fi í ṣe ìjẹ sì tún gbé e wọ inú igbó lọ. Ó jẹ ewé jíjẹrà tó bo ilẹ̀ tán, ó sì ba ibùgbé àwọn olú tíntìntín tó ń bọ́ gbòǹgbò maple jẹ́. Carex kì í sábà gbára lé irú olú bẹ́ẹ̀. Àyè tó ṣófo ló gbà.

Àwọn kan á ní ohun yòówù kó fà á, koríko náà ti wà níbẹ̀, bí àgbọ̀nrín tilẹ̀ dín kù, kì í tètè kúrò. Òótọ́ ni, mo sì gbà pé ní àwọn ibì kan ó yẹ ká hú díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó hú u tí kò dín àgbọ̀nrín kù, oúnjẹ ló ń pèsè fún wọn. Ọmọ igi tó bá hù, ẹnu wọn ló ń lọ. Nínú igbó óákù gbígbẹ, ọmọ onílé sì ni koríko yìí, bí iná bá jó o, a tún hù. Ekòló kò ṣeé kó kúrò nínú igbó mọ́. Iye àgbọ̀nrín ni ó ṣì wà ní ìkáwọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń fún ọdẹ ní ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ wọn ló sì yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.