Nígbà Tí Tẹlifíṣọ̀n Ṣì Ní Etí

Aṣọ kan wà tí Màámi fi máa ń bo orí tẹlifíṣọ̀n wa ní Mọ́lété, n'Ìbàdàn. Òwú funfun ni wọ́n fi hun ún, etí rẹ̀ sì rí wínníwínní bí ewé tí kòkòrò ti jẹ kiri. Ó gùn ju orí tẹlifíṣọ̀n lọ, nítorí náà ó máa ń wọ́ sílẹ̀ sójú dígí níwọ̀n ìka méjì. Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá ń gbá géèmù Mario, òkè ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ iye àkókò tó kù fún wa sí, abẹ́ aṣọ Màámi ló sì máa ń wà. Ẹ̀gbọ́n mi a ká aṣọ náà sókè. Màámi a kọjá, a tún fà á sílẹ̀. "Ṣé ìhòòhò lẹ fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n bàbá yín wà ni?" Àìmọye ìgbà la kú nínú géèmù yẹn nítorí pé a kò mọ̀ pé àkókò wa ti tán.

1992 ni mò ń wí, tàbí 1993. Ẹ̀rọ géèmù wa kì í ṣe ojúlówó. Ojúlówó ni èyí tí ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1983, tí wọ́n pè ní Family Computer. Ẹ̀dà rẹ̀ ni tiwa, Dùgbẹ̀ ni bàbá wa ti rà á, ṣùgbọ́n Super Mario Bros. tó jáde ní 1985 wà nínú kátíríìjì tó bá a wá, ìyẹn sì tó wa. Okùn pádì rẹ̀ kò gùn. Orí ẹní láàárín pálọ̀ la máa ń gbé ẹ̀rọ náà sí, àwa a jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Láti ibi tí a jókòó sí dé ojú tẹlifíṣọ̀n á tó mítà méjì. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀: tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 20 kò lè gbà ju nǹkan bíi dìgíìrì 12 lọ nínú ojú ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 200 ni ojú ènìyàn méjèèjì lè rí lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló wá wà nínú ìyókù? Ògiri. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Fọ́tò bàbá wa lọ́jọ́ tó gboyè. Aṣọ fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbé. Ọmọńlé tó lẹ̀ mọ́ àjà. Orí àwọn ọmọ ilé kejì tí wọ́n ń dúró de ìgbà tiwọn. Mario a sáré, a fò, a já sí kòtò. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí a wà níbi tí wọ́n wà.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ọmọ tí kì í wọ ọkọ̀ kó má bì ni mí. Ẹfọ̀n-Aláayè ni ilé àwọn Màámi. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Iléṣà lọ síbẹ̀ rí mọ bí òkè ibẹ̀ ṣe ń lọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kí a tó gun òkè náà dé ìdajì, itọ́ á ti kún mi lẹ́nu, òógùn tútù á ti bo iwájú orí mi, òòyì á máa kọ́ mi. Màámi kì í gbàgbé ọ̀rá dúdú àti ọsàn. Á bó ọsàn náà, á fún èèpo rẹ̀ sí mi nímú, á wá fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè. "Wo iwájú. Mú ibi kan lórí òkè yẹn, má fojú kúrò níbẹ̀." Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara mi a balẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá tẹjú mọ́ ẹ̀yìn àga tó wà níwájú mi, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ yìí kan náà ló ń jókòó ti Mario láti àárọ̀ Sátidé títí NEPA fi máa mú iná lọ, tí nǹkan kan kì í ṣe é.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo tún padà sídìí géèmù. Mo ti lé lógójì. Mo ra kọ̀ǹpútà tó lágbára, mo ra ojú rẹ̀ ní ínǹṣì 27, mo fa àga sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ jẹun, mo ti ilẹ̀kùn. Géèmù tí mo ṣí, ojú akọni inú rẹ̀ gan-an lẹ ó fi máa ríran: ẹ kò ní rí akọni náà, ẹ̀yin gan-an lẹ di òun. Igbó ni, àti omi, àti ìtànṣán oòrùn tó ń yọ láàárín ewé. N kò purọ́, ẹwà ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo mọ itọ́ náà. Ọ̀nà Ẹfọ̀n ni. Òógùn tútù tẹ̀lé e. Mo di ògiri mú dé balùwẹ̀, mo sùn gbalaja sórí ilẹ̀ tútù ibẹ̀ títí ìyàwó mi fi wá kan ilẹ̀kùn. Mo ní ibà ni. Ní ọjọ́ kẹta mo tún gbìyànjú, ibà náà sì tún dé.

Inú etí ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Lẹ́yìn ibi tí à ń fi gbọ́ràn, ọ̀nà omi mẹ́ta tó tẹ̀ bí òrùka wà nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí orí bá yí, omi náà a fà sẹ́yìn díẹ̀, ìyẹn ni ara fi ń mọ̀ pé òun yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òkúta kéékèèké bí iyanrìn wà tó ń sọ fún wa bóyá à ń lọ síwájú tàbí orí wa dagun. Ojú náà ní ìròyìn tirẹ̀. Ìgbà tí ìròyìn ojú bá ta ko ti etí ni àìsàn náà ń dé. Bí Reason àti Brand ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1975. Nínú ọkọ̀ Ẹfọ̀n, etí ń pariwo pé à ń lọ, ojú tó ń wo ẹ̀yìn àga ní a kò kúrò lójú kan. Nídìí géèmù, ẹjọ́ náà yí padà: ojú ní à ń sáré nínú igbó, etí ní orí àga la jókòó sí.

Kí ló wá kan ikùn nínú ìjà ojú àti etí? Michel Treisman dá a lábàá ní 1977 pé ṣe ni ara rò pé a ti jẹ májèlé. Láyé àwọn baba ńlá ènìyàn, kò sí géèmù, kò sí ọkọ̀. Ohun tó lè mú kí ojú àti etí má fohùn ṣọ̀kan ni oró tó bá oúnjẹ wọlé, nítorí náà ara a sáré dà á síta. Àbá ni, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé rẹ̀. Mo sùn sílẹ̀ balùwẹ̀, ara mi sì ń gbà mí lọ́wọ́ igbó tí kò sí níbì kankan.

Kò bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Ní 1992, ilé-iṣẹ́ id Software gbé Wolfenstein 3D jáde ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, wọ́n fi Doom tẹ̀lé e. Mario ń gba iwájú wa kọjá bí ẹni tó ń lọ ní títì tí à ń wò ó láti ojú fèrèsé. Àwọn géèmù yìí ní kí ẹ wọ títì náà. Bí ẹ bá sì ń rìn nínú Doom, ìbọn ọwọ́ yín àti gbogbo ohun tí ẹ ń rí a máa lọ sókè sódò bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń dìde nídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú òòyì.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló yọ mí. Ó bá mi níbi tí mo gbé orí lé tábìlì. Kò bi mí bóyá ibà ni. "Dádì, ẹ jẹ́ n wo sẹ́tíńgì yín."

Ohun àkọ́kọ́ tó yí ni èyí tí wọ́n ń pè ní FOV, ìyẹn bí ohun tí géèmù ń fi hàn yín ṣe fẹ̀ tó. 60 ló wà. Ó gbé e dé 95, lójú ẹsẹ̀ ni igbó náà sún sẹ́yìn tó tẹ́ rẹrẹ, bí ìgbà tí ènìyàn ti ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹni tó jókòó lókèèrè sórí àga onírọ̀rí ni wọ́n sábà máa ń ṣe ojú tóóró fún. Èmi wà ní nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà sí ojú kọ̀ǹpútà mi. Níbi tí mo wà yẹn, ó ń gbà tó dìgíìrì 53 nínú ojú mi, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ti Mọ́lété lọ. Ọ̀pọ̀ àwa tí a sún mọ́ ọn báyìí ni ara ń tù bí FOV bá tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara kò dọ́gba, kálukú ní láti dán tirẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà ó pa ohun tó ń mú kí àwòrán ṣe bàìbàì bí orí bá yí. Ó pa ìjó sókè sódò tí ojú ń jó bí ènìyàn bá ń rìn. Ó pa ìmìtìtì tó ń mi gbogbo ojú kọ̀ǹpútà bí nǹkan bá bú gbàmù. Ó wo iye àwòrán tí ẹ̀rọ náà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó rí i pé 30 ni, ó mi orí. Ó dín òjìji kù, ó dín dídán omi kù, títí iye náà fi kọjá 60. "Ẹwà rẹ̀ á dín kù díẹ̀ o, Dádì, ṣùgbọ́n kò ní máa ta gìrì." Níkẹyìn ó fi àmì róbótó funfun kan, tó kéré bí ẹyin ọmọńlé, sí àárín gbùngbùn. "Ẹ máa wo ibí. Bí gbogbo ẹ̀ bá ń yí, ẹ ṣáà máa wo ibí."

Ọmọ ọdún méjì ló wà nígbà tí Màámi kú. Kò bá a wọ ọkọ̀ Ẹfọ̀n rí.

Mo gbá géèmù fún wákàtí kan gbáko lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn, ó sì tún bàjẹ́, nítorí mo rò ó pé mélòó nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ti pa géèmù tì, tí wọ́n gbà pé ọjọ́ orí ló dé, nígbà tí ó jẹ́ pé bọ́tìnnì mẹ́rin márùn-ún tó fara sin ni. Kò yẹ kó fara sin. Àwọn tó ṣe The Last of Us Part II ní 2020 ya apá kan sọ́tọ̀ fún òòyì yìí nínú sẹ́tíńgì tiwọn, pẹ̀lú àmì àárín náà; mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tó ń ṣe géèmù máa béèrè lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó mú ènìyàn wọ igbó.

Awò ńlá tí wọ́n ń dé mọ́ ojú wá burú jù fún mi. Àwọn tó jáde ní 2016, Oculus Rift àti HTC Vive, ń ya àwòrán 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí òòyì má bàa kọ́ni, síbẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo lè fara dà nínú irú rẹ̀. Kò sí ògiri níbẹ̀. Kò sí kàlẹ́ńdà. Ẹ yí orí títí, ẹ kò ní rí etí rẹ̀. Ohun tó wá wú mi lórí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe láti tún un ṣe. Ní 2016, Fernandes àti Feiner ní Yunifásítì Columbia, New York, ń fi òkùnkùn yí àwòrán ká díẹ̀díẹ̀ bí ènìyàn bá ti ń rìn nínú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ á fi sún kì kí ara lè balẹ̀. Ọdún kan ṣáájú, David Whittinghill àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue, Indiana, ya imú sí àárín ìsàlẹ̀ àwòrán. Imú ènìyàn! Àwọn tí wọ́n fún ní imú pẹ́ nínú awò náà ju àwọn tí kò ní lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ̀ pé imú kan wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni imú mi ti wà níwájú mi, tó ń dì mí mú, tí n kò kà á sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni pálọ̀ Mọ́lété. Ohun tí wọ́n ń fi ọgbọ́n ńlá wá padà ni etí tí tẹlifíṣọ̀n wa ti ní rí.

Kò sì sí bọ́tìnnì tó lè dá pádì tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ padà. Bí mo bá kú, ẹ̀gbọ́n mi a gbà á. Bí òun náà bá kú, ó di ti ọmọ ilé kejì. Láàárín ìgbà náà mo ti lọ mumi, mo ti wo òde, ojú mi ti sinmi, kò sì sẹ́ni tó pè é ní oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Manchester báyìí. A máa ń pàdé nínú géèmù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ohùn rẹ̀ a máa dún sí mi létí méjèèjì bí ẹni tó wà nínú agbárí mi, a ó máa rẹ́rìn-ín. Nígbà míràn mo máa ń fẹ́ kó na ọwọ́ kó gba pádì náà.

Nígbà tí a kó ẹrù kúrò ní Mọ́lété, aṣọ Màámi ni mo mú. Tẹlifíṣọ̀n òde òní kò ní orí tí aṣọ lè jókòó lé, kọ̀ǹpútà mi kò sì ní. Mo wá kan ìṣó méjì mọ́ ògiri lókè rẹ̀, mo fi aṣọ náà kọ́, mo sì gbé iná kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè máa rí funfun rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó wọ́ sílẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà níwọ̀n ìka méjì, ó sì bo ibi tí wọ́n kọ iye ọta tó kù fún mi sí. N kò ká a sókè.